Ìwé Gírámà Gẹ̀ẹ́sì Wo Ni Ó Yẹ Ọmọ Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré ní ojú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ilé-ìwé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo ilé ní ọdọọdún, tí ó sì lè dí ọ̀nà iṣẹ́ àti ọ̀nà ẹ̀kọ́ mọ́ ọmọ ẹni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìbéèrè wa nìyí sí àwọn tí ń yan ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ wa: kí ni ẹ ń wò kí ẹ tó yàn án?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kì í ṣe ọ̀tá èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ wa ń gbé èdè Yorùbá ga, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé ìjọba, èdè ilé-ẹjọ́ gíga àti èdè ìdánwò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àti pé ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀, agbára káká ni yóò fi rí ọ̀nà wọ yunifásítì. Nítorí pé a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kí ó gbọ́ ọ dáradára ni a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ti di kánjúkánjú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Àwa kò fara mọ́ ìkéde náà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ́kọ́ pàdé ọmọ kékeré ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, nígbà náà ìwé tí a ó fi kọ́ ọ di ọ̀ràn tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń ta ìwé nìkan.

Báwo ni a ti ń yan àwọn ìwé wọ̀nyí? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ilé-ìwé kan a yan ìwé nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ̀ ẹ́. Òmíràn a yàn án nítorí pé ilé-ìwé àwọn olówó tí ó wà ní òdìkejì títì ni ó ń lò ó. Òmíràn, ojú ń tì wá láti sọ ọ́, a yàn án nítorí ohun tí òǹtàwé fi sí ọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà ni ọmọ ń kọ ìdáhùn sí inú wọn, tí àbúrò rẹ̀ kò fi lè lò wọ́n mọ́ bí ọdún bá yí po. Bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́ta yóò sì ra ìwé kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Nínú gbogbo èyí, ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé: irú àṣìṣe wo ni àwọn ọmọ wa ń ṣe, ìwé wo ni ó sì lè wo àṣìṣe náà sàn?

Ní tiwa, oògùn ni ìwé gírámà. Ìwé ìtàn àti ìwé àròsọ ni oúnjẹ. Bí wọ́n bá ti dára, wọn ì báà ti Lọ́ńdọ̀nù wá, wọn ì báà ti Ìbàdàn wá, kí ọmọ kí ó jẹ wọ́n ní àjẹyó. Ṣùgbọ́n oògùn gbọ́dọ̀ bá àìsàn mu. Oníṣègùn tí ó bá ń fún olórí-fífọ́ àti ẹlẹ́sẹ̀-dídùn ní àgúnmu kan náà nítorí pé ìgò rẹ̀ ń dán, ẹ̀yin ìjòyè, ṣé ẹ ó jẹ́ kí ó pẹ́ ní ìlú yín?

Àìsàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe àìsàn ọmọ wa. Kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ ilé-ìwé ni ó ti mọ̀ pé bí ajá bá ju ẹyọ kan lọ, “dogs” ni a ń pè é. Ó ti mọ̀ pé “he” ni bàbá òun, pé “she” ni ìyá òun. Láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ gbogbo èyí. Ẹni tí ó bá ń kọ ìwé gírámà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti dúró pẹ́ lórí wọn. Yóò yára kọjá sí ohun tí ọmọ náà kò ì tí ì mọ̀: pé akọ “duck” ni “drake”, pé ọmọ “swan” ni “cygnet”, pé ọ̀wọ́ kìnnìún ni “a pride of lions”. Èyí dára fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí kò rí ẹyẹ swan rí láti ìgbà tí a ti bí wọn ni a ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí há ní orí, tí a sì ń nà bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan. Ọmọ tí ó ka gbogbo wọn ní àkàyanjú yóò wá mú gègé rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé: “My mother have two goat. He is selling it.” Olùkọ́ yóò fi yíǹkì pupa fa ilà sí i ní ọ̀nà mẹ́rin, yóò sì wí pé olódo ni ọmọ náà.

Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Gírámà wà ní orí rẹ̀, gírámà tí ó pé, tí ó sì jinlẹ̀: gírámà Yorùbá ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn rẹ̀ wò. Àwa a máa wí pé “mo ní, o ní, ó ní, wọ́n ní”. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí ẹni tí ń ṣe é, nítorí náà kò rí ìdí tí “have” yóò fi di “has”. Àwa a máa wí pé “ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ méjì, ogún ewúrẹ́”. Iye tí a ti kà ti fi hàn pé ewúrẹ́ pọ̀, kò sí ìdí tí a ó fi tún yí orúkọ ewúrẹ́ padà. Àwa a máa wí pé “ó” fún bàbá, fún ìyá àti fún ewúrẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀nà mẹ́rin tí a fi fa yíǹkì pupa sí yìí, ọ̀nà mẹ́rin tí ọmọ náà gbà tẹ̀lé òfin èdè rẹ̀ ni. Bí olùkọ́ bá mọ èyí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi la ọmọ náà lójú: “Báyìí ni àwa ń ṣe é, báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe é, ibi tí a ti yà nìyí.” Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọdún mẹ́wàá pàṣán kò tó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ńkọ́, èyí tí ó kan ẹ̀yin àgbà gan-an? Ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé yóò wí nípa bàbá rẹ̀ pé “wọ́n ń bọ̀”. Bí ó bá dé ilé-ìwé, yóò wí pé “My father, they are coming”. Ọ̀wọ̀ ni ó mú un wí bẹ́ẹ̀. Ìwé wo ni, nínú àwọn tí ó wà ní inú àpò ọmọ yín, tí ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “you”, ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọba àti fún ọmọdé, àti pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, bí “please” àti “could you” àti “would you mind”? Ìwé tí a kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ ọ́ ní ọ̀nà tí yóò yé ọmọ wa, nítorí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní “o” àti “ẹ” tí ó ń dà á láàmú. Ohun tí ó sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé ọmọ wa tí ó mọ ìwà hù yóò wí fún àgbàlagbà Òyìnbó pé “Give me water”, yóò sì dàbí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní ojú rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré wa yìí, “ti”. “Mo ti rí i ní àná” jẹ́ Yorùbá tí ó gún régé. Ọmọ tí a bá kọ́ pé “have” ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ “ti” yóò kọ ọ́ pé “I have seen him yesterday”, kò sì sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí yóò wí bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá ti dárúkọ àná, “I saw him” ni ó kù. “Mo fi ọ̀bẹ gé iṣu”: ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni àwa lò, “fi” àti “gé”, ẹyọ kan ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò, yóò sì wá “with” fún ọ̀bẹ. Àwa a máa gbọ́ òórùn. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi etí gbọ́ ọ. Ẹni tí ń jáde lọ nínú wa yóò wí pé “mo ń bọ̀”. Bí ó bá sọ “I am coming” fún Òyìnbó, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí i tí ó ń lọ, ẹnu yóò ya ẹni náà.

Èyí tí ó lè ba ti ènìyàn jẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn ni “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí a bá bi Yorùbá léèrè pé “Ṣé o kò jẹun ni?”, tí kò sì jẹun, yóò dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, n kò jẹun”, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bi í ni ó gbà. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jẹun yóò wí pé “No”, ohun yòówù tí ó lè jẹ́ ọ̀nà tí a gbà bi í. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó dúró ní iwájú adájọ́, tí lọ́yà sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé “Did you not sign this paper?” Bí ọkùnrin náà, tí kò fi ọwọ́ sí ìwé kankan, bá dáhùn pé “Yes”, nítorí pé “bẹ́ẹ̀ ni, n kò fọwọ́ sí i” ni ó wà ní ọkàn rẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ohun tí kò ṣe. Ilẹ̀ baba ẹni lè bá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí àwọn ìwé gírámà tí ẹ ń fi owó iyebíye rà, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti kìlọ̀ èyí fún ọmọ yín.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé: “Ẹni tí ó ni èdè ni ó mọ̀ ọ́n, ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tó gbẹ́kẹ̀ lé.” Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Lindley Murray, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá fi ìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá ìlú York, tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1795 nítorí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ọmọbìnrin kan ní ìlú náà. Ó mọ ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún: ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí J. C. Nesfield, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ ní Íńdíà, yóò kọ tirẹ̀ ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Íńdíà ni ó ní ní ọkàn. A. S. Hornby lọ kọ́ni ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1924. Ó rí ohun tí ń dí àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá bí a ti ń to ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tí a tẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1942, èyí tí Oxford tún tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 tí ó sì wá di ti gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà, Charles Fries ti Yunifásítì Michigan kọ ọ́ ní ọdún 1945 pé ìwé tí ó dára jù lọ fún kíkọ́ èdè àjèjì ni èyí tí a gbé ka orí ìfiwéra èdè náà pẹ̀lú èdè ẹni tí ń kọ́ ọ. Bí ará Íńdíà àti ará Japan bá rí ẹni kọ ìwé tí ó ro tiwọn mọ́ ọn, kí ni ó dé tí ọmọ Yorùbá yóò fi máa wọ ẹ̀wù tí a rán fún ẹlòmíràn? Àwọn àgbà wa ti wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

A kò sì ṣe aláìní irinṣẹ́. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, ó sì tẹ gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1852. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé ńlá tirẹ̀ lórí gírámà Yorùbá jáde ní ọdún 1966. Ní àkókò kan náà, Phebean Ògúndípẹ̀, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, àti P. S. Tregidgo fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kọ Practical English fún ilé-ìwé girama. Ẹni kan tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ẹni kan tí ó mọ ibi tí bàtà Gẹ̀ẹ́sì ti ń ta ọmọ ilẹ̀ wa lẹ́sẹ̀. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ó pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn yóò wí pé bí a bá mú Yorùbá wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, yóò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Irú èrò yìí ni ó mú kí a máa gbé pátákó kọ́ ọmọ ní ọrùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ti ní ìdáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ ìkéde ọdún 2025. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde. Olùkọ́ tí kò lè sọ iṣẹ́ tí “ń” àti “ti” àti “yóò” ń ṣe nínú èdè rẹ̀, kí ni yóò fi ṣàlàyé ti Gẹ̀ẹ́sì?

A gbà pé ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá lè jókòó lórí àga kan náà, ìwé kan kò sì lè bá gbogbo wọn mu tán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní irú ibẹ̀, kí a wá ìwé tí a kọ fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àjèjì sí, kí olùkọ́ sì mọ àṣìṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, níbi tí ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ń sọ Yorùbá ní àkókò eré, kí a má ṣe fi Èkó ṣe àwáwí.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a máa wò nìyí. Èkínní, kí ìwé náà kí ó fi ojú ewé púpọ̀ fún ohun tí ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà, kí ó sì fi díẹ̀ fún orúkọ akọ pẹ́pẹ́yẹ. Èkejì, kí òfin rẹ̀ kí ó mọ níwọ̀n, kí gbólóhùn tí ọmọ yóò fi dán an wò kí ó pọ̀, kí ó sì jẹ́ gbólóhùn odidi tí ènìyàn lè sọ ní ọjà, ní oko, ní ọ́fíìsì. Ẹ̀kẹta, kí ó mú ẹyọ ohun kan wá ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó sì padà sí i bí ó bá pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọmọ a máa gbàgbé. Ẹ̀kẹrin, kí ìwé olùkọ́ kí ó bá a rìn, pẹ̀lú ìdáhùn àti àlàyé. Ẹ̀karùn-ún, kí ọmọ lè kọ ìdáhùn sí ìwé mìíràn, kí àbúrò rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Bí ìwé kan bá ní márààrún, a kò bìkítà ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́ńdọ̀nù, Ìbàdàn tàbí Delhi, kí a rà á.

Ẹ̀yin olórí wa, a kò ní kí ẹ di olùkọ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ná yín ní owó. Kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí ìlú kọ̀ọ̀kan kí ó yan ènìyàn mẹ́ta: olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹnìkan tí ó jinlẹ̀ nínú Yorùbá, àti òbí kan tí ń sanwó ìwé. Kí wọn kí ó gba ìwé ìkọ̀wé ogún ọmọ, kí wọn kí ó ṣí i sí ibi tí yíǹkì pupa ti pọ̀, kí wọn kí ó sì kọ àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ sílẹ̀. Kí wọn kí ó gbé àkọsílẹ̀ náà lọ sí iwájú ọ̀gá ilé-ìwé àti òǹtàwé, kí wọn sì béèrè pé: “Nínú àwọn ìwé tí ẹ tò kalẹ̀ yìí, èwo ni ó wo ìwọ̀nyí sàn? Ojú ewé wo ni?”

Bí kò bá sí ìdáhùn, kí a má ṣe rà á. Bí ìlú mẹ́wàá bá kọ̀ ọ́ ní ọdún kan náà, àwọn tí ń kọ ìwé yóò mọ̀ pé ojú ti là, wọn yóò sì kọ èyí tí ó yẹ wá. Ẹgbẹ́ wa ti ṣetán láti gba àkọsílẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé yìí. A ń retí yín.